Shenzhen Kì Í Ṣe Ìlú Àná: Ohun Tí Mo Kọ́ Láàárín Ilé Àwòṣífìlà àti Etíkun

Ní Shekou, ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlú Shenzhen ní gúúsù Ṣáínà, ọkọ̀ ojú omi gìrìwò kan wà tó dúró sáàárín ìgboro. Ilé oúnjẹ yí i ká, ṣọ́ọ̀bù yí i ká, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kan ọkọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962 pẹ̀lú orúkọ Ancerville. Ọ̀nà Marseille sí Dakar ló ń ná nígbà náà, ó ń kó èrò wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Ṣáínà rà á ní 1973, wọ́n sọ ọ́ ní Minghua, nígbà tó sì di 1983 wọ́n gbé e gúnlẹ̀ sí Shekou kó lè di òtẹ́ẹ̀lì. Etí òkun gan-an ni wọ́n fi í sí. Láti ìgbà náà ọkọ̀ kò kúrò níbẹ̀, òkun ló kúrò. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ àti yanrìn sínú omi, wọ́n ń dà á títí ilẹ̀ fi yọ, ilẹ̀ ọ̀hún sì lọ jìnnà débi pé etíkun fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ sẹ́yìn. Omi tó wà nídìí rẹ̀ báyìí, omi àfọwọ́ṣe ni.

Mo fi ọkọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé òun ló là mí lójú sí bó ṣe yẹ kí n wo ìlú náà. Ẹ̀yà ara fóònù ni mò ń tà, Guangzhou ni mo fi ṣe ibùjókòó, Shenzhen sì jẹ́ ibi tí mo máa ń sáré lọ ra ọjà kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà, torí pé ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá kò lo wákàtí kan láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà tí mo wá pinnu láti fara balẹ̀ rin ìlú náà já, kí n sì dé etíkun rẹ̀ títí dé Dapeng, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi: abúlé apẹja ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkankan níbẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ mọ̀ pé kò tọ́. Ìlú náà dàgbà lójijì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé onígíláàsì nìkan ni yóò wò, yóò sì padà sílé láì tíì rí Shenzhen.

Kí n má fi ti ìdàgbàsókè náà ṣeré o. Ní 1979 ni ìjọba sọ agbègbè Bao'an di ìlú Shenzhen, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 1980, wọ́n sọ apá kan nínú rẹ̀ di agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe, níbi tí ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ti láǹfààní láti wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ kò fara sin: odò kékeré kan ló pààlà òun àti Hong Kong, tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ìṣẹ́ sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìhín odò máa wẹ̀ sá lọ sí òdìkejì. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ìlú náà ti lé ní mílíọ̀nù 17.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí eré náà ṣe yá tó, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé Guomao ní Luohu. Mítà 160 ni gíga rẹ̀, àjà 53 ló ní, wọ́n parí rẹ̀ ní 1985. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wọra, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń gbé àjà kan dìde, gbogbo Ṣáínà ló sì gbọ́ nípa rẹ̀. Nínú ilé oúnjẹ tó ń yí po ní àjà 49 ni Deng Xiaoping, àgbà olóṣèlú Ṣáínà tó wà lẹ́yìn ètò agbègbè ọrọ̀ ajé àkànṣe náà, ti wo ìlú náà nígbà tó wá ní oṣù kìíní 1992. Lónìí, ẹ ní láti béèrè kí ẹ tó rí Guomao, àwọn ilé tó yọrí jù ú lọ ti bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ sí Ping An ní Futian, tó ga ní mítà 599, tí wọ́n parí ní 2017. Àjà 116 ni wọ́n ti ń wo ìlú. Ẹ má san owó ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bolẹ̀. Ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ojú ọ̀run mọ́, ní nǹkan bí wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ gòkè. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ kì í ṣe àwọn ilé. Ààlà ni. Níhà Shenzhen, ilé há mọ́ ilé títí dé etí odò. Níhà Hong Kong, tí a máa ń rò pé òun ni ìlú ilé gogoro, igbó tútù àti adágún ẹja ló tẹ́ lọ rẹrẹ.

Òkè Lianhua, tó kọjú sí Gbọ̀ngán Ìlú, kò gba owó. Ère Deng tí wọ́n fi idẹ ṣe wà lórí rẹ̀ láti 2000, ó ga ní mítà mẹ́fà, wọ́n ṣe é bí ẹni tó ń rìn lọ kánkán, tí etí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Nísàlẹ̀ òkè ni tọmọdé tàgbà ti ń ta káìtì, bébà olókùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé, sókè ní ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ dára fún ẹni tó bá mú ọmọ dání.

Òwò ló kọ́kọ́ gbé mi dé Huaqiangbei, ọjà ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ìlú náà, àmọ́ ẹni tí kò rà tí kò tà pàápàá gbọ́dọ̀ débẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà fóònù tó ń wọ Computer Village ní Ìkẹjà ló ti gba orí káńtà ibẹ̀ kọjá. Ẹ wọ ilé SEG, ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn tó ń gbéni gòkè fúnra rẹ̀ gbé yín lọ sókè, kí ẹ sì máa wo àwọn káńtà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Mo dúró fún ìgbà pípẹ́ síwájú káńtà obìnrin kan tó ń yọ ṣíìpù lára pátákó fóònù àlòkù. Ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí òjé fi yọ́, ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú ṣíìpù tí kò tó hóró ìrẹsì, ó gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ó kọ nǹkan sára ọ̀rá náà, ó tún mú òmíràn. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí páálí nísàlẹ̀ káńtà, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Obìnrin náà kò gbójú sókè títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí ju èmi lọ ló sọ̀rọ̀ kan fún mi ní ìta Huaqiangbei. Ó ní, "Àbúrò, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ra ọjà níbí, òtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ibi tí mo tún sún lọ, wọ́n ti wó o. Ohunkóhun tó bá wù ẹ́ rí ní ìlú yìí, má sọ pé ó di ìgbà mìíràn." Mo dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́." Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún mi ju gbogbo àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí fóònù mi lọ, nítorí òun ló mú mi kọjú sí àwọn abúlé inú ìlú kí ó tó pẹ́ jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ìlú ń fẹ̀, ìjọba gba oko àwọn ará abúlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé wọn wà ṣì kù sí wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yìí wó ilé àtijọ́, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́fà, alájà mẹ́jọ, wọ́n sì kọ́ ọ súnmọ́ra débi pé ẹni tó bá wà lójú fèrèsé lè na ọwọ́ kó bọ aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé kejì. Ibẹ̀ ni àwọn tó wá iṣẹ́ wá láti ìgbèríko ń háyà yàrá, torí pé owó rẹ̀ kò ga. Àwọn tó kọ́ ilé àwòṣífìlà, àwọn tó ń gbá títì, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí alùpùpù, inú abúlé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Ìlú náà kò lè dúró láìsí wọn. Síbẹ̀ àwọn abúlé náà ni wọ́n ń wó. Baishizhou jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó tóbi jù, ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ayálégbé, láti 2019 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n kó ẹrù wọn. Inú mi kò dùn sí i, n kò sì ní fi ìyẹn pa mọ́. Ilé tuntun dára, àmọ́ níbo ni kí olówó kékeré lọ?

Xiasha ní Futian ṣì wà. Ẹ gba ọ̀nà tóóró wọlé, ẹ ó bọ́ sí gbàgede kan tí gbọ̀ngán ìrántí àwọn baba ńlá ìdílé Huang wà. Lẹ́yìn ọdún tuntun ti àwọn Ṣáínà, ọmọ ìdílé yìí máa ń wá láti Hong Kong àti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á sì jùmọ̀ jẹ nínú agbada ńlá tí wọ́n to oúnjẹ sí ní ìpele-ìpele, ewébẹ̀ nísàlẹ̀, ẹran àti edé lókè. Ìdílé tó mọ baba ńlá rẹ̀, tó sì ń pé jọ sí ojúlé rẹ̀ lọ́dọọdún, ta ni yóò sọ níwájú wọn pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Nantou tún ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 331 ni ibẹ̀ ti di ibùjókòó ìjọba ẹkùn, ẹnubodè gúúsù rẹ̀ sì ti wà láti ayé ìjọba àwọn ọba Ming (1368 sí 1644). Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2020. Òpópónà ńlá rẹ̀ ti kún fún ilé kọfí àti ibi ìyàwòrán, ó mọ́ jù fún mi. Ẹ yà sí àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Aṣọ wà lórí okùn níbẹ̀, àwọn àgbà ń ta káàdì lábẹ́ igi, alágbàṣe ń jẹ núdù gbígbóná lórí àpótí. Dafen náà yẹ ní dídé: abúlé ayàwòrán ni láti 1989 tí ayàwòrán ará Hong Kong kan, Huang Jiang, ti gba ilé síbẹ̀, tí ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti máa fi ọ̀dà ya ẹ̀dà àwòrán olókìkí fún ọjà òkèèrè. Nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, àwọn oníbàárà òkèèrè dín kù, àwọn Ṣáínà fúnra wọn ni wọ́n sì wá di oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ibẹ̀ ti ń ya iṣẹ́ ọkàn tiwọn báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ rà, èyí tó jẹ́ tiwọn ni kí ẹ rà.

Kí n mẹ́nu ba nǹkan tó máa ń fún àlejò ní wàhálà. Owó bébà kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́ níbẹ̀, fóònù ni wọ́n fi ń sanwó, títí kan ìyá tó ń ta ànàmọ́ sísun. Ẹ gba Alipay tàbí WeChat sórí fóònù yín, kí ẹ sì so káàdì báńkì mọ́ ọn nígbà tí ẹ ṣì wà nílé, torí pé ìfìdímúlẹ̀ rẹ̀ lè gba àkókò. Google kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Amap ni kí ẹ lò fún ọ̀nà, kí ẹ sì ní kí òtẹ́ẹ̀lì kọ àdírẹ́sì yín ní lẹ́tà Ṣáínà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé ìrìnnà kò gbọdọ̀ kúrò lára yín: òun ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin, òun ni wọ́n sì fi ń gba àyè ní ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́. Tí ẹ bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ni yóò fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ẹ má fi èyí falẹ̀ rárá, ó ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí ìyọnu. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀, yuan 2 ni owó rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà dára: láti ìparí 2017 ni gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú náà, tó lé ní 16,000, ti ń lo iná mànàmáná. Ohun tí ọmọ Èkó bíi tèmi kọ́kọ́ kíyè sí ni pé títì ńlá kún fún ọkọ̀, síbẹ̀ a lè bá ara wa sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ láì pariwo.

Ní ti òkun, ọ̀nà méjì ni etíkun Shenzhen pín sí. Ti ìwọ̀ oòrùn jẹ́ ẹrẹ̀, ti ìlà oòrùn jẹ́ yanrìn àti àpáta. Ọ̀pọ̀ àlejò kò ka ti ẹlẹ́rẹ̀ sí, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ọgbà ìgbafẹ́ Shenzhen Bay tẹ̀ lé etí omi lọ fún ohun tó ju kìlómítà 10, Hong Kong wà lójúkojú, igi ẹ̀gbà sì wà ní apá Futian tí ìjọba ti ń dáàbò bò láti 1984. Nígbà òtútù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ tó ń ti àríwá bọ̀ máa ń bà síbẹ̀, lára wọn ni ẹyẹ funfun kan tí ojú rẹ̀ dúdú, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ bíi ṣíbí, tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ wo orí ẹrẹ̀: ẹ ó rí ẹja kéékèèké tó ń fi lẹbẹ wọ́ kiri, tí wọ́n ń fò sókè láti lé ara wọn kúrò lójú ihò. Ẹ̀yìn wọn ní tààrà ni ilé àwòṣífìlà wà.

Níhà ìlà oòrùn, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ń dé Dameisha àti Xiaomeisha láti ìparí 2023. Dameisha dára fún ẹni tí àyè rẹ̀ kò gbà á ju ọjọ́ kan lọ. Ìjì Mangkhut bà á jẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2018, ó di 2021 kí wọ́n tó ṣí i padà, ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù bóyá ẹ ní láti gba àyè kí ẹ tó wọlé. Ẹ má lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru, orí ènìyàn lẹ ó máa wò dípò omi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá náà, gbogbo Ṣáínà ló wà ní ìsinmi, ẹ jókòó sílé. Àárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni mo yàn láàyò: oòrùn kò le, ìjì ti lọ, omi sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí oṣù kọkànlá fi wọlé.

Dapeng ló gbà mí lọ́kàn jù. Bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà òkè lọ síbẹ̀, ó ń yí kọ́ńkọ́. Odi àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ ní 1394 láti fi ká àwọn ajalèlókun lọ́wọ́ kò, orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n sì mú fún oríkì Shenzhen, tí wọ́n fi ń pè é ní Pengcheng. Ẹnubodè rẹ̀ ṣì dúró, òkúta ilẹ̀ rẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀. Ojúlé àwọn ọ̀gágun ìdílé Lai wà nínú odi náà. Lai Enjue ló ṣáájú àwọn ọkọ̀ ogun Ṣáínà nígbà tí wọ́n kọjú ìjà sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Kowloon ní 1839. Mo bá ìyá àgbà kan pàdé tó ń tún ẹja gbígbẹ tò sórí atẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Mo fi fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀, mo bi í pé ìgbà wo ni ìdílé rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó tẹ ẹja méjì sílẹ̀, ó rò ó, ó sì sọ fún fóònù pé òun kò mọ ìgbà tí wọ́n dé, pé ibẹ̀ ni wọ́n wà. Mo ra ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti Dapeng, ẹsẹ̀ tó bá lágbára lè rin etí òkun láti Dongchong dé Xichong. Kìlómítà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba wákàtí márùn-ún, torí orí àpáta ni. Àpáta náà ti wà láti ìgbà tí òkè ayọnáyèéfín ń bú níbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Níbì kan, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di okùn mú, ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò tẹ̀ lára òkúta, ìgbì sì ń fọ́ nísàlẹ̀, omi rẹ̀ ń ta sí mi lẹ́yìn. Ọkùnrin arúgbó kan tó wà níwájú dúró, ó fi ìka hàn mí: ibí, lẹ́yìn náà ibí. Ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, ẹ mú omi tó pọ̀ dání, ẹ bọ ìbọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Dongchong bóyá ọ̀nà ṣí, nítorí tí ìjì bá ń bọ̀ wọ́n máa ń tì í.

Xichong ni kí ẹ sùn sí. Iyanrìn rẹ̀ gùn ju ti gbogbo etíkun ìlú náà lọ. Ní 2023 ni ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ fọwọ́ sí i pé ó wà lára àwọn ìlú tó ń pa òkùnkùn ojú ọ̀run mọ́: àwọn ará abúlé dín iná ìta kù, wọ́n sì yí iná òpópónà kọjú sílẹ̀, kí ìràwọ̀ lè hàn. Inú ìlú tó ní ilé tó ga ní mítà 599 ni èyí wà o.

Fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, bí èmi yóò ṣe tò ó nìyí: Dapeng àti Xichong ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà Nantou àti Shekou lọ́jọ́ kan. Xiasha ní alẹ́, torí alẹ́ ni oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀. Huaqiangbei lọ́sàn-án ọjọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Ping An ni kẹ́yìn, nígbà tí ẹ bá ti mọ orúkọ àwọn ibi tí ẹ ó máa wò láti òkè. Èmi ṣì ń padà lọ ní oṣù kọkànlá tó ń bọ̀. Afárá àti ọ̀nà abẹ́ omi tó so Shenzhen mọ́ Zhongshan, kìlómítà 24, ti ṣí láti oṣù kẹfà 2024, mo sì fẹ́ gbà á kọjá ní ọ̀sán gangan.